Wọ́n Ti Ẹ̀gbọ́n Mi Mọ́lé Nítorí Gbèsè Ọmọ Rẹ̀

Ní Ìlọrin níbí, mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá sá lọ, ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá yóò mú, wọn yóò sì fi onítọ̀hún sí àhámọ́ títí ẹni tí wọ́n ń wá yóò fi yọjú. Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo ń kọ ìrírí náà sílẹ̀ nítorí pé òfin Nàìjíríà ti ka irú ìmúni bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀, àní àwa tí a kàwé pàápàá.

Ata àti àlùbọ́sà ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà ní Ọjà Ìpàtà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba fóònù láwìn lọ́wọ́ oníṣòwò kan, pẹ̀lú àdéhùn pé bí òun bá ti tà wọ́n tán ni òun yóò dá owó padà. Ó tà lára wọn, ó ná nínú owó náà, nígbà tí olówó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, ó gbéra lọ sí Èkó láì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Èmi kò gbè é lẹ́yìn nínú èyí. Ó jẹ gbèsè, ó sì gbọ́dọ̀ san án. Olówó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba kóòtù lọ. Bí kò bá fẹ́ kóòtù, agboolé wa ní Mágàjí, olórí agboolé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a sì ti ń parí irú ọ̀rọ̀ báyìí láti ọjọ́ pípẹ́. Àgọ́ ọlọ́pàá ni ó yàn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ni àwọn ọkùnrin méjì wá bá a ní ìsọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan wọ aṣọ ọlọ́pàá, èkejì kò wọ̀ ọ́. Wọ́n fi sùúrù sọ fún un pé, “Màmá, ọ̀gá wa fẹ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀, kò ní pẹ́.” Ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń tajà, ó bá wọn wọ Maràwa, òun náà ni ó sì san owó ọkọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi kò gbà pé ọjọ́ Jímọ̀ kàn ṣèèṣì bọ́ sí i ni. Bí wọ́n bá mú ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, kóòtù ti palẹ̀ mọ́, adájọ́ kò sì ní jókòó títí di ọjọ́ Ajé, àwọn tí ó ń múni sì mọ èyí dáadáa.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n ti gba bàtà rẹ̀, fóònù rẹ̀, àpò owó rẹ̀ àti tẹ̀sùbáà tí ó fi ń ṣe àsìkìrì. Mo kí ọlọ́pàá tí ó wà ní káńtà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì bi í pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀sùn wo ni ẹ fi kan ẹ̀gbọ́n mi?” Ó dá mi lóhùn pé kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn màmá, pé ẹni rere ni wọ́n, ṣùgbọ́n kí a lọ mú ọmọ wá kí màmá lè lọ sílé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Mo tún bi í bóyá orúkọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ó wà ní àhámọ́ sí. Ó wò mí, kò fèsì. Ọlọ́pàábìnrin kan tí ó jókòó sẹ́yìn ni ó yẹ ìwé náà wò, tí ó sì mi orí pé orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ibí yìí ni àyà mi ti já jù lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí i lóru, kò sí ìwé tí yóò jẹ́rìí pé ó wà níbẹ̀ rí. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 pàṣẹ pé kí ọ̀gá àgọ́ máa fi ìròyìn gbogbo ẹni tí wọ́n mú láì gba ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí májísíréètì lóṣooṣù, kí májísíréètì náà sì máa wá wo àwọn àgọ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Báwo ni májísíréètì yóò ṣe béèrè ìyá arúgbó tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ síbi kankan? Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn rẹ̀ sì wà nílé. Ọlọ́pàábìnrin yẹn kan náà ni ó gbà kí n lọ mú un wá, tí ó sì dúró tì í títí ó fi lò ó tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì ní kọ ìtàn yìí kí n fi tirẹ̀ pa mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn àgbà ilé pé jọ. Èrò tí ó borí ni pé kí a wá owó, kí ìtìjú kúrò nílẹ̀, nítorí pé kí ìyàwó ilé, ìyá ọmọ, àti Àlájà sùn ní sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ohun tí agboolé wa kò rí rí. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin kó owó lọ fún ọlọ́pàá tí ó ń ṣe ìwádìí náà, ọlọ́pàá náà pè é ní owó béèlì, ó sì gbà á. Ara ògiri tí ó fẹ̀yìn tì ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Lẹ́yìn tí owó ti wọlé tán, ó ní ọ̀gá ti lọ sílé, kí a padà wá lọ́la, kí a sì mú onídùúró tí ó jẹ́ ọkùnrin tí ó ní ilé wá, nítorí pé obìnrin kò lè dúró fún ènìyàn. Èmi ni mo ti fẹ́ dúró fún un, mo sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 ti sọ ọ́ ní gbangba pé a kò gbọdọ̀ kọ onídùúró sílẹ̀ kìkì nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń jáde lẹ́nu wọn ní káńtà láì kọsẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, agbẹjọ́rò kan tí a jọ ń gbé àdúgbò bá mi lọ. Kò pariwo, kò sì halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun rí DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, nígbà tí a sì wọlé, ó kí i, ó ṣí òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ó sì ka ibi méjì péré. Abala 32 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí aáwọ̀ tí kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀daràn, bí gbèsè, tàbí àdéhùn tí ó yẹ̀. Abala 36 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Ó wá fi abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kún un, èyí tí ó ní kí a kọ ìdí tí a fi mú ènìyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́, kí a sì gbé e lọ sí kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Láti àgọ́ náà, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé kóòtù. DPO ní wọn kò sọ fún òun pé ìyá ọmọ ni wọ́n mú, ó pàṣẹ kí wọ́n tú ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, a kò sì pe onídùúró kankan. Owó tí wọ́n gbà lálẹ́ àná kò padà.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wa pé ọ̀dọ́bìnrin kan láti Àjàṣẹ́-Ìpo ni àwọn jọ sùn nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń wá, ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀gbọ́n mi, kò sì sí ará ilé rẹ̀ tí ó mọ ibi tí ó wà. Agbẹjọ́rò náà béèrè rẹ̀ kí a tó kúrò, wọ́n sì tú òun náà sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Mo máa ń rò ó pé bí kò bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu sọ̀rọ̀, ta ni ì bá béèrè rẹ̀?

Ẹ̀rù tí ó bà mí kọjá ti àgọ́ ọlọ́pàá. Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní àbúrò kan tí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ sọ di èrò ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkè-Kúrá, nítorí pé wọ́n yí gbèsè padà di ẹ̀sùn olè jíjà kí wọ́n tó gbé e dé iwájú májísíréètì, kò sì rí ẹni tí yóò dúró fún un. Ó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ lásán ni, adájọ́ kankan kò tíì sọ pé ó jẹ̀bi. Ó lé ní ìdajì àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tí ipò wọn rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2019 yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí ti àtúnṣe ìwà, ó sì fún àwọn ọ̀gá ọgbà láṣẹ láti má gba ènìyàn mọ́ bí ọgbà bá ti kún. Ìgbésẹ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọlé síbẹ̀ ni káńtà àgọ́ ọlọ́pàá, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí á ti dí i.

Pé ọlọ́pàá lè kọ̀ láti bá ni gba gbèsè kì í ṣe àlá. Ọkọ àbúrò mi tí ó ń gbé ní Òmù-Àrán lọ fi ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní owó símẹ́ńtì sun ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tí ó bá níbẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó sì sọ fún un pé, “Bọ̀dá, gbèsè ni èyí, kì í ṣe ọ̀ràn tiwa, ẹ gba Ẹ́ríà Kóòtù lọ.” Inú bí i lọ́jọ́ náà. Ó lọ, kóòtù pín owó náà sí oṣooṣù fún ẹni tí ó jẹ ẹ́, ó sì ń gbà á.

Èmi dá àwa aráàlú lẹ́bi pẹ̀lú. Olówó ni ó máa ń gbé owó epo mọ́tò àti owó ìwé kalẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dìde, ọ̀pọ̀ wa ni a sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn rí tí a ń pè é ní ọgbọ́n. Bí wọ́n bá mú ẹni yín lónìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹ̀sùn rẹ̀, ẹ rí i dájú pé orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọlọ́pàá tí ó mú un sílẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò kà fún un ní èdè rẹ̀. Ẹni tí kò lágbára àti san owó agbẹjọ́rò lè lọ sí Legal Aid Council, tí òfin dá sílẹ̀ láti máa gbẹjọ́ aláìní rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ náà ti padà láti Èkó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti olówó sì wà ní Ẹ́ríà Kóòtù báyìí. Ní tiwa, a ti kọ ìwé ẹ̀sùn nípa ìmúni náà àti owó tí wọ́n gbà, agbẹjọ́rò wa fọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n mi náà sì tẹ̀ka sí i. Abala 35 yẹn kan náà sọ pé ẹni tí a tì mọ́lé láìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò wá owó púpọ̀, ẹ̀bẹ̀ yẹn ni òun fẹ́, kí wọ́n sì ṣe é ní Ọjà Ìpàtà níbi tí wọ́n ti wá mú òun.