Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbé àdìrẹ síta kò mọ líǹkì í gé kúrú

ỌmọÌtọ́kú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àdìrẹ ni màmá mi ń tà ní Ìtọ́kú, èmi ni mo ń bá wọn gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Alẹ́ Sunday, tí wọ́n bá ti sùn, ni mo máa ń jókòó ti fóònù, màá kó àwòrán ọ̀sẹ̀ kan sínú ẹ̀rọ kan tó máa ń bá mi gbé e sórí Facebook, X àti Telegram ní àkókò tí mo bá dá fún un. Ẹ̀rọ náà dára, mi ò ní bú u. Àmọ́ kò mọ líǹkì í gé kúrú, ìyẹn ló sì ń jẹ mí níyà.

Orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà wa ti ń rà. Líǹkì wa.me, tó máa ń gbé èèyàn tààrà wọ WhatsApp wa, ni mo ń fi sábẹ́ àwòrán, mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tó máa sọ: "Ẹ kú ọjà o, mo fẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yẹn." Èmi kì í kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí líǹkì ń sọ ọ̀rọ̀ náà dà. "Àdìrẹ" nìkan á di %C3%A0d%C3%ACr%E1%BA%B9. Lẹ́tà márùn-ún di mẹ́tàlélógún! Ká má tíì dé orí "ẹlẹ́kọ".

Èyí tó tún burú ni pé màmá mi máa ń bi mí pé, "Ibo lẹni yìí ti rí wa?" Mi ò mọ̀, torí líǹkì kan náà ló wà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí mo bá fẹ́ mọ̀, àfi kí n lọ gé mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbòmíràn tí wọ́n ti ń ka iye ẹni tó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n wá máa lẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ méje lọ́sẹ̀, líǹkì mọ́kànlélógún, pẹ̀lú oorun lójú. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo lẹ líǹkì oníko mọ́ àwòrán ẹlẹ́kọ. Obìnrin kan ní Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́, oníko la dì ránṣẹ́ sí i. Èmi ni mo san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀.

Ta ló tún fẹ́ kí wọ́n fi èyí kún un? Àbí ọ̀nà kan wà tí mi ò mọ̀?

Ará_Ìbarà:
Àbúrò, tó bá jẹ́ ti X ni, fọkàn balẹ̀. Líǹkì tó gùn bí odò Ògùn àti èyí tí kò ju ìka lọ, lẹ́tà 23 ni wọ́n máa ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí nínú 280 tí wọ́n fún ẹ, torí t.co, líǹkì kúkúrú tiwọn, ni wọ́n máa fi bò ó. Mastodon náà, ìkànnì tó jọ X, 23 ló ń kà á. Ibi tí gígùn ti ń dunni ni àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Àyè lẹ́tà 160 ni wọ́n fún ẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ti fi ẹ tàbí ọ kan ṣoṣo sí i báyìí, ó di 70. Líǹkì rẹ yẹn nìkan á jẹ ẹ́ tán.

ỌmọÌtọ́kú:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ti àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí, abájọ tí wọ́n fi ń yọ owó méjì méjì! Ṣùgbọ́n iye lẹ́tà kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún jù, ibi tí oníbàárà gbà wọlé ni.

Ìyá_Ọ̀fàdà:
Ọmọ mi, n ò takò ẹ́ o. Àmọ́ àwa kì í tẹ líǹkì tí a ò mọ ilé tó ń lọ. Wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ oníṣòwò wa rí, wọ́n ní wọ́n ń pín owó. Ibi tó ṣí, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì ló ń béèrè. wa.me tìrẹ gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ti rí i pé WhatsApp ni.

Adáhunṣe_Kọ̀ǹpútà:
Òótọ́ ni màmá ń sọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ orí domain tìrẹ, ìyẹn orúkọ tí o rà fún ara rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni líǹkì kúkúrú rẹ máa wà. Ilé àyágbé ni ìyókù. Google ṣí goo.gl, agélíǹkì tiwọn, ní 2009, ó tì í ní 2019. Ní 2024 ó ní àwọn líǹkì tó ṣẹ́ kù máa kú ní oṣù kẹjọ 2025, nígbà tó yá ó ní òun á dá àwọn tí èèyàn ṣì ń tẹ̀ sí. Ẹni tó ti tẹ tirẹ̀ sára páálí ọjà ńkọ́? Kódà .ly tó wà nídìí bit.ly, agélíǹkì mìíràn, ti orílẹ̀-èdè Líbíà ni.

Wo YOURLS, agélíǹkì tí o lè gbé sórí domain tìrẹ. Ọ̀fẹ́ ni, hosting (àyè tí a ń háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí kò wọ́n lè gbé e. Fi + sí ìdí líǹkì, wàá rí iye ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní API, ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ mìíràn lè gbà bá a sọ̀rọ̀, nítorí náà má bẹ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn pé kí wọ́n kọ́ ilé ìgélíǹkì tuntun. Àpótí méjì péré ni kí wọ́n fún wa: ọ̀kan fún àdírẹ́sì YOURLS, ọ̀kan fún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

ỌmọÌtọ́kú:
Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Ohun tí mo kọ sí wọn láàárọ̀ yìí nìyí:

"Ẹ jẹ́ kí a lè so agélíǹkì tiwa mọ́ ẹ̀rọ yín. Bí a bá ń gbé ọjà kan síbi mẹ́ta, kó gé líǹkì mẹ́ta fúnra rẹ̀, kó sì mọ èyí tó lọ sí ibi kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí kò bá fẹ́ gígé lè sọ pé òun ò fẹ́."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, tìtorí Ìyá Ọ̀fàdà ni. Ẹni tó bá gbà pẹ̀lú mi, ẹ bá mi kọ tiyín sí wọn.

Ó ku domain. Màmá mi ti ní orúkọ ìyá àwọn tó kọ́ àwọn ní aró ni a máa fi rà á, odindi, kì í ṣe ìnagijẹ. Mo kà á: lẹ́tà mẹ́tàdínlógún. A ṣì ń fa ọ̀rọ̀ yẹn.