Púńtì: ta ló sọnù, ta ló sì ń ṣákọ́lẹ̀ fún ta?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti rí àlàyé tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ fún ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ìtàn tí a jọ ń ṣe. Bó ṣe kà nìyí: "Púńtì: ìlú aṣákọ́lẹ̀ kan tó sọnù, tó máa ń kó òjíá lọ fún Fáráò, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé." Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, gbólóhùn yìí kò gùn, àmọ́ ó há mi lọ́fun níbi mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí "sọnù". Bí owó mi bá sọnù, èmi tí mo ni owó ni mò ń wá a. Àwọn ará Púńtì kò wá ara wọn tì rí. Ilé wọn ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jí. Láti ayé Fáráò Sahure, tó lé ní 4,400 ọdún sẹ́yìn, títí dé ayé Ramesses Kẹta, ọkọ̀ Íjíbítì ń lọ síbẹ̀, ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àkọsílẹ̀ wọn tó kù sí wa lọ́wọ́, kò sí èyí tó júwe ọ̀nà rẹ̀ dáadáa. Àbí ta ní ń kọ ọ̀nà ọjà tó ń ná sílẹ̀? Àdírẹ́sì ló sọnù, ìlú kò sọnù. Mo dá a lábàá pé ká kọ ọ́ báyìí: "ìlú tí a kò mọ ojúkò rẹ̀ mọ́."

"Aṣákọ́lẹ̀" ló bí mi nínú jù. Gbogbo wa la mọ ìṣákọ́lẹ̀: àlejò dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó wá ń gbé iṣu àti epo lọ fún un lọ́dọọdún. Ìgbà wo ni Fáráò di onílẹ̀ ní Púńtì? Àwọn akọ̀wé Íjíbítì ní ọ̀rọ̀ kan, "inu", tó jáde láti ara "gbé wá". Ohun tí a gbé wá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òyìnbó tó túmọ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìṣákọ́lẹ̀, àwa náà sì gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Ẹ wo àwòrán tí Hatshepsut, obìnrin tó jẹ Fáráò, ní kí wọ́n gbẹ́ sára ògiri tẹ́ńpìlì rẹ̀ ní Deir el-Bahari, ní nǹkan bí 1470 ṣáájú ìbí Krístì. Ọkọ̀ márùn-ún ló rán lọ sí Púńtì. Ìránṣẹ́ rẹ̀ dúró, àwọn sójà wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́, àáké àti ọ̀bẹ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Parahu, olórí Púńtì, ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ Ati. Àwọn ará Íjíbítì tún gbé búrẹ́dì, ọtí àti ẹran kalẹ̀ fún àwọn ará Púńtì. Nígbà tí ọkọ̀ máa padà, wúrà, eyín erin, awọ ẹkùn àti ọ̀bọ ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú igi olóje 31 tí wọ́n wú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí èyí tí kò rí ọjà, àfi kó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò.

Àwọn kan ti ní ká lo "alájọṣòwò". Ní tèmi, ẹni méjì tó da owó pọ̀, tí wọ́n ń pín èrè, ni alájọṣòwò. "Oníbàárà" ni mo fara mọ́. Ẹni tó ń tà ń pe ẹni tó ń rà ní oníbàárà mi, ẹni tó ń rà náà ń pè é bẹ́ẹ̀ padà, kò sì sí ọ̀gá níbẹ̀.

Ti òjíá ńkọ́? "Antyu" ni Íjíbítì pe oje igi náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jà lórí bóyá òjíá ni tàbí tùràrí, tàbí kó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Kí àwa má bá wọn dá ẹjọ́ náà: "oje igi olóòórùn dídùn" ti tó.

Ẹnì kan bi wá bóyá kí ìwé náà dárúkọ ibi tí wọ́n rò pé Púńtì wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀bọ ló sì jẹ́rìí. Irú ọ̀bọ onígọ̀gọ̀ yìí kì í gbé inú igbó Íjíbítì, wọ́n ń kó o wá ni. Eyín tó bá hù nígbà tí ẹranko wà ní kékeré máa ń gba èròjà strontium látinú ilẹ̀ àti omi ibi tí wọ́n bí i sí, kò sì ní yí padà mọ́, bí ilà ojú. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ka "ilà" yìí lára òkú ọ̀bọ tí Íjíbítì fi oògùn tọ́jú, ó sì tọ́ka sí agbègbè Ẹ̀rìtríà, Etiópíà, Jìbútì àti Sòmálíà, ó kan apá kan Yẹ́mẹ̀nì náà. Ní 2023, àwọn mìíràn yẹ DNA ọ̀bọ kan tó kú ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò láti mọ ibi tí ìran rẹ̀ ti wá, ó bọ́ sí Ẹ̀rìtríà, níbi tí èbúté Adulis àtijọ́ wà. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ̀wé pé Ilé-Ifẹ̀ ni. Ẹja Òkun Pupa ni wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ inú àwòrán Hatshepsut.)

Ó ku pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé àwọn ará Púńtì inú àwòrán Hatshepsut náà dúró lórí òpó, orí rẹ̀ rí roboto, àkàbà ni wọ́n ń gùn wọlé. Ẹni tó bá ti dé Makoko mọ̀ pé èyí kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. "Ilé orí òpó" ni mo kọ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kò tíì dùn lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ àti Àgbádárìgì tí ẹ wà níbí, kí lẹ ń pe tiyín?