Ọmọ ti sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo fún yín rí ní iléèwé? Ẹ wá sọ bó ṣe lọ

Tíṣà Kíláàsì Kejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀yin òbí, mo fẹ́ gbọ́ ìrírí yín. Ọmọ kan dúró sẹ́yìn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ ṣeré. Ó ń yí bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ ṣáá. Ó ní, "Àǹtí, mo fẹ́ sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnì kankan o." Mo ní mi ò lè ṣèlérí ìyẹn, pé tó bá jẹ́ ohun tó lè pa á lára, mo máa sọ fún ẹni tó lè gbà á sílẹ̀. Ó wò mí títí, ó wá sọ ọ́. Ohun tó sọ ò ní dé ibí. Ta ni ẹ̀yin máa ń gbé irú ẹ̀ lọ bá?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun tí ẹ ò tan ọmọ náà jẹ.

Hẹdimásítà Tó Ti Fẹ̀yìntì: Ẹni tí iléèwé yàn fún un ni, lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Tí wọn ò bá yan ẹnì kankan, ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé. Tó bá wá jẹ́ ọ̀gá ni ọmọ dárúkọ ńkọ́? Ẹ fò ó, ẹ lọ bá àwọn tó wà lókè rẹ̀ tàbí ọlọ́pàá. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ọmọ. Tó bá fi orúkọ eré pe ẹ̀yà ara rẹ̀, orúkọ eré yẹn ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má bá a tún un ṣe. Ọjọ́, aago, ibi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i. Mo mọ tíṣà kan tó bi ọmọ pé, "Ṣé bọ̀dá yẹn ló ṣe é?" Ọmọ kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tọ́rọ̀ dé iwájú àwọn aṣèwádìí, wọ́n ní tíṣà ló fi orúkọ sí i lẹ́nu. Ó dùn mí wọ eegun. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Sọ fún mi" ti tó. Ẹ má tú aṣọ ọmọ, ẹ má ya fọ́tò àpá, ẹ má sì pe ẹni tó dárúkọ wá ṣàlàyé.

Bàbá Àdùkẹ́: Ọmọdé a máa parọ́ o. Mo mọ ẹni tí irọ́ ọmọ bà lórúkọ jẹ́.

Hẹdimásítà Tó Ti Fẹ̀yìntì: Bàbá Àdùkẹ́, kò sẹ́ni tó ní kí tíṣà dájọ́. Ká gbọ́, ká kọ ọ́, ká fi jíṣẹ́ ni tiwa. Ìwádìí tí wọ́n bá ṣe dáadáa ló ń yọ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà.

Agbẹjọ́rò: Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ ire. Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1989, abala 12 rẹ̀ ní kí wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ nínú ọ̀rọ̀ tó kàn án. Abala 19 ní kí ìjọba gbà á lọ́wọ́ ìyà àti àìbìkítà, ìbáà jẹ́ lọ́dọ̀ òbí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Iléèwé: Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀kan wà tó máa ń bi mí ní ọjọ́ Ẹtì pé ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí iléèwé lọ́la. Tó bá di ọjọ́ Ajé, á jẹun bí ẹni tí ebi ti ń pa látìgbà náà. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo ń fi jíṣẹ́. Èyí tí mo kọ kẹ́yìn nìkan ì bá má tó nǹkan, àkójọ wọn ló jẹ́ kí wọ́n dá sí i. Ní ti àpá, ọmọ tó ń sáré a máa ṣèṣe lórúnkún àti lójúgun. Tó bá jẹ́ létí, ní ìdí tàbí ní abẹ́ apá, ẹ béèrè.

Ìyá Ìbejì: Ti ọjọ́ Ẹtì yẹn pa mí lẹ́kún.

Ẹ̀ṣọ́ Geetì: Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Ọkùnrin kan wá mú ọmọ. Ó mọ kíláàsì rẹ̀, ó mọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, ọmọ sì sáré dì mọ́ ọn. Orúkọ ọkùnrin yìí ò sí nínú ìwé, mo ní kó dúró. Ó bú mi dé ìran mi. Nígbà tí a pe bàbá ọmọ, ó ní òun ló rán an, òun náà tún bú mi. Mo ní kó bá ọ̀gá iléèwé sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí n tó ṣí geetì.

Bàbá Àdùkẹ́: Ìyẹn ti le jù. Ẹbí ọmọ ni! Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò tèmi náà, inú bí mi gan-an.

Màmá Tólú: Kí lẹ ṣe ń bínú? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ọmọ níbi ni ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Dídì tó dì mọ́ ọn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ kọ orúkọ àbúrò yín sínú ìwé, ó parí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀ṣọ́, Ọlọ́run á bù kún yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́: Ṣé ká kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹni tó wá mú un máa sọ?

Màmá Tólú: Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọ pé àṣírí ò rí bákan náà. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tí a fi pa mọ́, gbogbo ayé ṣì máa mọ̀ ọ́n. Tí àgbàlagbà kan bá ní "má sọ fún màmá ẹ", kí ọmọ wá sọ fún mi lójú ẹsẹ̀.

Bọ̀dá Tíṣà: Ó ń dun àwa tíṣà ọkùnrin. Ọmọ ṣubú, ó ń ké, mo gbé e, ojú tí òbí kan fi wò mí ò dáa.

Hẹdimásítà Tó Ti Fẹ̀yìntì: Má dá a dúró, ọmọ mi. Gbé e níbi tí èèyàn ti ń rí ọ. Tó bá di ìwọ àti ọmọ kan ṣoṣo, ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, má sì bá ọmọ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ lórí fóònù. Òfin yẹn ń ṣọ́ ìwọ náà.

Agbẹjọ́rò: Kì í sì í ṣe tíṣà nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ní Soham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2002, ẹni tó ń tọ́jú ọgbà iléèwé kan pa ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún 10. Ẹ̀sùn ti wà lọ́rùn rẹ̀ níbi tó ti wá, kò dé etí àwọn tó gbà á síṣẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Ìwádìí Bichard, tó jáde ní 2004, ló jẹ́ kí wọ́n tún ètò àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ ṣe. Awakọ̀, agbálẹ̀, ẹni tó wá yọ̀ǹda ara rẹ̀, ẹ yẹ gbogbo wọn wò.

Màmá Tólú: Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ fọ́tò àwọn ọmọ wa tí iléèwé ń gbé síta. Orúkọ ọmọ, aṣọ iléèwé, kíláàsì, gbogbo rẹ̀ lórí Facebook iléèwé.

Bàbá Àdùkẹ́: Ìyẹn bí èmi náà nínú. Ta ló fún wọn láṣẹ?

Màmá Tólú: Wọn ò béèrè. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ti yọ ti ọmọ mi. Ti àwọn yòókù ṣì wà níbẹ̀.