Wọ́n dá ọ̀rẹ́ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdánwò: ṣé ká gbé pátákó ni àbí ká kọ̀wé?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Báálẹ̀
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ má bínú pé n kò fi orúkọ mi síbẹ̀, alábòójútó mọ̀ mí. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì kan níbí ní Òṣogbo. Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń kàwé jẹ́ transgender. Ọkùnrin ni wọ́n kọ sínú gbogbo ìwé rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n obìnrin ló mọ ara rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń múra láti bí ọdún kan báyìí. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Tí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, òun ló máa ń kọ́ wa ní ìṣirò, títí kan àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ní àwòrán yìí kì í ṣe ìwọ, o wá bá ẹlòmíì ṣèdánwò ni. Ó ka nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀ lórí, ó dárúkọ gbogbo olùkọ́ wa, wọn ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa ní kó wọlé, ìdánwò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹnì kan sì ti ká a sínú fídíò níbi tó ti ń bẹ̀bẹ̀. Orí WhatsApp la ti wá rí i.

Inú ń bí wa gidi. Àwọn kan nínú wa fẹ́ gbé pátákó lọ síwájú ilé àwọn aláṣẹ lọ́jọ́ Ajé. Ẹnì kan ní ká dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ká fi orúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ká ní kí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìlànà fún àwọn bíi tirẹ̀: orúkọ, họ́sítẹ́ẹ̀lì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹlòmíì ní lẹ́tà ti tó. Èwo ni ká ṣe? Àwọn òbí rẹ̀ ò mọ nǹkan kan o, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni bàbá rẹ̀.

Bàbá Ayétòrò
Ṣé ìwé lẹ bá lọ síbẹ̀ àbí nǹkan míì? Àṣà wa kọ́ nìyí, òyìnbó ló kó o wá. Kó lọ gé irun, kó wọ ṣòkòtò, wàhálà tán. Tí kò bá sì gbọ́, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ.

Ìyá Ìbejì, Ìgbọ̀nà
Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n gba ìdánwò mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń sọ, irun lẹ̀yin ń sọ. Tó bá jẹ́ ti irun ni, ẹ lọ sí Ẹdẹ nígbà ọdún Ṣàngó, kí ẹ wo ẹlẹ́gùn ọkùnrin tó dirun bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, kí ẹ bi í bóyá òyìnbó ló kọ́ ọ.

Bàbá Ayétòrò
Ti òrìṣà nìyẹn. Ẹ má dà á pọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìgbọ̀nà
Mo gbà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo kàn ní ojú wa ti rí i rí, ayé ò sì bàjẹ́. Ìwọ ọmọ mi tó béèrè, ẹni yẹn gan-an ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun? Ta ló ń sùn tì í? Gbogbo ohun tí o kọ yìí, ohun tí ẹ̀yin fẹ́ ni mo rí níbẹ̀, n kò rí ohun tí òun fẹ́.

Nọ́ọ̀sì alẹ́
Ọ̀rọ̀ ọpọlọ tí bàbá sọ: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, yọ jíjẹ́ transgender kúrò lára àwọn àrùn ọpọlọ nínú ìwé àkójọ àrùn wọn tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019. Láti oṣù kìíní 2022 ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó lè kó àìsàn ọkàn bá ọmọ yẹn ni fídíò tó ń lọ káàkiri. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Lọ́yà Òkefíà
Ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó lọ ra páálí pátákó.

Òfin tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2014, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin nìkan ló dè. Rárá o. Ìgbéyàwó yẹn, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni. Ṣùgbọ́n abala 5 tún sọ pé ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fẹ́ irú ara wọn sílẹ̀, tàbí tó bá wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ọdún 10. Ẹni tó bá ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn, tàbí ìwọ́de wọn, tàbí ìpàdé wọn, ọdún 10 náà ni.

Òótọ́ ni pé òfin yẹn ò dárúkọ transgender níbì kankan. Ẹni tó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin ò tíì sọ ẹni tó ń fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní 2022 wọ́n gbé àbá kan wá sí ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá, pé kí ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin tàbí obìnrin tó bá múra bí ọkùnrin lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 tàbí kó san N500,000. Kò di òfin. Àmọ́ ọlọ́pàá tó bá yín níta ò ní dúró ka abala fún yín. Á kọ́kọ́ kó yín ná, àgọ́ lẹ ó ti máa ṣàlàyé. Ta ni wọ́n sì máa wá lákọ̀ọ́kọ́? Ẹni tí gbogbo ayé ti rí ojú rẹ̀ nínú fídíò. Nítorí náà, èmi ò fọwọ́ sí ẹgbẹ́, n kò sì fọwọ́ sí ìwọ́de.

Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ nìyí. Ìwé òfin 1999, abala 34, fún olúkúlùkù ní ọ̀wọ̀ ọmọnìyàn, abala 37 dáàbò bo àṣírí rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí irun èèyàn kúrú kó tó kàn án. Yàtọ̀ sí ìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀, tó sanwó ilé ẹ̀kọ́, ni wọ́n gba àkókò ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀ láìṣẹ̀. Orí ìyẹn ni kí lẹ́tà yín dúró lé.

Ọmọ Òṣogbo l'Ámẹ́ríkà
Massachusetts ni mo wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin kan wà níbí, Smith College. Ní 2013 wọ́n dá fọ́ọ̀mù ọmọbìnrin trans kan padà fún un torí pé fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ìjọba kọ ọ́ sí ọkùnrin. Ìwé ló dá wàhálà sílẹ̀, bíi ti káàdì ọ̀rẹ́ yín gẹ́lẹ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbé lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i síta, kì í ṣe pé ẹlòmíì bá a gbé e. Ẹ fi ojú sí ibẹ̀ yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Smith fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, nígbà tó di 2014 wọ́n gbé pátákó dé ọ́fíìsì ìgbaniwọlé. Láàárín àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin, Mills ní California ló kọ́kọ́ yí ìlànà padà ní 2014, Mount Holyoke ṣe é lọ́dún náà, Smith wá gbà ní oṣù karùn-ún 2015. Ọdún méjì! Kò sì sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lórí pátákó tiwọn. Ẹ má kàn wo fídíò wọn kí ẹ dìde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Báálẹ̀
Ẹ ṣé gan-an. Mo lọ bá a lálẹ́ àná, ìbéèrè Ìyá Ìbejì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ìwọ́de rárá. Ó fẹ́ tún ìdánwò yẹn ṣe, ó fẹ́ kí fídíò náà kúrò nílẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ transgender sínú lẹ́tà kankan. Bàbá òun lè rí i, ó ní. Mo sọ fún àwọn yòókù, ọ̀kan fara ya, ó ní ojo ni gbogbo wa.

Ọ̀dọ́ Ọ̀tá-Èfun
Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Tí gbogbo wa bá ń fi í pamọ́, ìgbà wo ni ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ mọ̀ pé irú wọn wà? Ọdún tó ń bọ̀, ẹlòmíì ni wọ́n máa dá dúró.

Lọ́yà Òkefíà
Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pariwo, kó fi orúkọ ti ara rẹ̀ pa á.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà kan
Mo ti bá àwọn aláṣẹ jókòó rí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ẹ kọ lẹ́tà méjì. Ti àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò nìkan, kó béèrè àtúnṣe. Ìkejì, kó ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wá, fún gbogbo ènìyàn: kí wọ́n má fi àwòrán káàdì nìkan lé ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé ẹ mọ iye obìnrin tó ya káàdì láìborí, tó ń wọ hìjáàbù báyìí? Àwọn tó ti hu irùngbọ̀n ńkọ́? Àwọn tó sanra, tí àìsàn wá mú kí wọ́n rù? JAMB kì í wo irun, ìka ọwọ́ ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ ní kí ẹ̀ka tí kálukú wà máa jẹ́rìí sí ọmọ wọn kíákíá, kí ọmọ wọlé ná, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Kí ẹni tó bá sì fẹ́ ya àwòrán tuntun rí i yà. Tí wọ́n bá gba ìyẹn, ọ̀rẹ́ yín ti wà nínú rẹ̀, ẹnì kankan ò dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì le ju èyí lọ, ẹ má dì í mọ́ ọn.

Bàbá Ayétòrò
Èmi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Ṣùgbọ́n ti fídíò yẹn, ìwà ìkà ni. Wọ́n dá àbúrò mi obìnrin dúró bẹ́ẹ̀ rí nítorí hìjáàbù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Báálẹ̀
Ẹ ṣé, sà. Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ta ni ká kọ ti àkọ́kọ́ sí? Fídíò yẹn náà ńkọ́?

Lọ́yà Òkefíà
Olórí ẹ̀ka yín ni kó kọ ọ́ sí, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Kó tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tó máa mú lọ sílé. Kí ó má fi ojúlówó káàdì rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ti fídíò, ẹ ya àwòrán ojú fóònù tó fi nọ́ńbà ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde hàn, kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á rẹ́. Tí ọlọ́pàá bá pe ẹnikẹ́ni nínú yín, abala 35 gbà yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà. Tí owó ò bá sí, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà, ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ yìí. Kó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí mi kó tó fọwọ́ sí i, n ò gba kọ́bọ̀.