Àbúrò mi fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú àwọn àna mi

Ìyá Tómi:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ni. Òkè-Àró níbí l'Ákùúrẹ́ ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà, ẹni ọdún 53 ni mí. Láti oṣù Ẹrẹ́nà ni dókítà ti ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó sì kọ oògùn fún mi. Àfi bí àbúrò mi obìnrin tó wà l'Ékòó ṣe sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp nítorí mi. Ó kó ọkọ mi sí i, ó kó àwọn ọmọ mi sí i, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún kó àwọn ẹbí ọkọ mi sí i! Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀: "Ṣé Màmá ti lò ó?" Bí n kò bá fèsì títí di aago 8, ìpè á máa rọ́ wọlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí ọ̀rọ̀ wa ò wọ̀ láti ìgbà ìsìnkú bàbá wọn (ọ̀rọ̀ màlúù ni, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀), òun náà ń kọ ọ́ sí mi pé "Ìyàwó, o ò gbọdọ̀ gbàgbé o." Èmi!

Ọmọ mi ọkùnrin lẹ bébà mọ́ ara fíríìjì, "OÒGÙN" gàdàgbà gàdàgbà. Àlejò wá mu omi, ó ń kà á. Èyí tó wá bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ti Sunday tó kọjá. Áláàmù tí wọ́n ṣe sórí fóònù mi dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Igbe àkùkọ ni wọ́n fi sí i.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ jáde nínú ẹgbẹ́ yẹn tí kò ní dìjà?

Ọmọ Ìdànrè:
Ẹ máa dúpẹ́, Mà. Bàbá tiwa kò rí ẹni rán wọn létí, gbogbo wa ti tú ká. Wọ́n ní ara àwọn ti yá, wọ́n pa oògùn tì. Rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n ní 2019, títí dòní ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbé ṣíbí. Ẹ jẹ́ kí àkùkọ máa kọ.

Alága Ọ̀bà-Ilé:
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí i níbẹ̀. Ṣé ẹ ń lo oògùn náà àbí ẹ ò lò ó?

Ìyá Tómi:
@Ọmọ Ìdànrè, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa wo bàbá sàn. Kì í ṣe pé n kò moore. Ṣùgbọ́n kí ni ti ẹbí ọkọ mi níbẹ̀?

Ewé Ńjẹ́:
Ẹ fún ewúro, ẹ máa mu ún láàárọ̀. Láti 2015 ni mo ti ń mu ún, n kì í lọ sọ́dọ̀ dókítà kankan.

Nọ́ọ̀sì Tọ́lá:
Mélòó ni ẹ̀jẹ̀ yín ká nígbà tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn, sà?

Ewé Ńjẹ́:
Kí ni mo fẹ́ wọ̀n? Ara mi le koko.

Nọ́ọ̀sì Tọ́lá:
Ẹni tí tirẹ̀ ti lé ní 140/90 lè jó títí ilẹ̀ á fi mọ́ níbi ìnáwó. Kì í pariwo. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n ná, ká tó jọ sọ̀rọ̀ ewúro.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi. Ìyá Tómi, ẹ pa áláàmù yẹn. Ibi tí oògùn kò sí ni áláàmù máa ń bá èèyàn. Ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ láìronú ni kẹ́ ẹ so oògùn mọ́. Inú ife tí búrọ́ọ̀ṣì mi wà ni mo kó tèmi sí, n kò lè fọnu kí n má rí i. Ó nílò sùúrù ṣá. Àwọn olùwádìí kan ní University College London fi èèyàn 96 dán irú rẹ̀ wò, wọ́n gbé e jáde ní 2010. Nǹkan bí ọjọ́ 66 ló máa ń gbà kí nǹkan tó mọ́ni lára. Ó yá fún àwọn kan ní ọjọ́ 18, wọ́n sì ṣírò ti àwọn mìíràn dé 254. Bẹ́ ẹ bá sì fo ọjọ́ kan, ẹ ò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Alága Ọ̀bà-Ilé:
Olùkọ́, ṣé oògùn làwọn yẹn ń lò ni?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Rárá, èso jíjẹ, omi mímu, eré sísá. Òótọ́ lẹ sọ, kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń mú èso náà ló ń mú oògùn.

Màmá Ìbejì:
Èmi, ìrìn ni wọ́n ní kí n máa rìn. Aládùúgbò mi ló ń bá mi kanlẹ̀kùn láago 6. Tó bá ti kàn án, irọ́ wo ni mo fẹ́ pa? Ṣebí ó ń gbóhùn mi. A rìn fún oṣù márùn-ún, ìró mi wá gbà mí nídìí dáadáa. Ọ̀rọ̀ owó iná ló tú wa ká, nítorí mo ní kó san ìdajì, ó ní fíríìsà mi ni...

Alága Ọ̀bà-Ilé:
Màmá Ìbejì, ẹ ṣí ìyẹn lọ́tọ̀. Ìyá Tómi, n kò tíì gbọ́ èsì.

Ìyá Tómi:
Ó dáa. Mò ń lò ó ní Sunday, àti ọjọ́ tí n kò bá lọ sọ́jà. Àwọn ọjọ́ tó kù, mo máa ń kọ "mo ti lò ó" kí wọ́n lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ má tíì sọ̀kò lù mí! Oògùn yẹn ń mú mi tọ̀ ni. Bí mo bá lò ó láago 7, kí aago 10 tó lù mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Inú Ọjà Ọba lọ́hùn-ún ni ìsọ̀ mi wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí níbẹ̀, ẹ bá mi sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan mo lọ, kí n tó dé, ẹni tó fẹ́ ra léèsì aṣọ ẹbí ti bọ́ sí ìsọ̀ kejì. Àtìgbà náà, omi gan-an n kì í mu tó bẹ́ẹ̀ títí mo fi ń délé.

Ọmọ Ìdànrè:
Háà, Mà! Ẹ wá jẹ́ kí n máa sọ ti bàbá mi!

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ẹ ò rí nǹkan. Ẹni tí kò gbàgbé la ti ń rán létí láti àárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Tọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ṣé dókítà yín mọ̀? Torí bó bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ yín ṣì ga, yóò rò pé oògùn kò ká a ni, ó lè fi òmíràn lé e. Ẹ sọ fún un bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa gẹ́lẹ́: ọjà, ilé ìtọ̀, àti omi tẹ́ ẹ kì í mu. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń léni sílé ìtọ̀. Ẹ má fọwọ́ ara yín sún un sálẹ́ o, ẹ ò ní sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mu omi.

Ìyá Tómi:
Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ sínú káàdì mi. Màá sọ fún un. Ṣé dandan ni kí n sọ fún àbúrò mi pé irọ́ ni mo ń pa?

Alága Ọ̀bà-Ilé:
Dandan ni.

Màmá Ìbejì:
Ẹ sọ ọ́ fóun nìkan, kó sì yọ ẹbí ọkọ yín kúrò níbẹ̀. Títí di Ọjọ́bọ̀, ẹ bẹ ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì kó máa bá yín ṣọ́ aṣọ.

Ìyá Tómi:
Òun náà ló gba oníléèsì yẹn lọ́wọ́ mi!

Télọ̀ Arákalẹ̀:
Mo ń kà yín bọ̀ láti òkè. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Arákalẹ̀, kò jìnnà sí ọjà. Ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, omi wà, ó mọ́. Ẹ máa wá, Mà, ọmọ iṣẹ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣáà máa júwe mi fáwọn tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ yín. Àbúrò mi tó jókòó lásán yìí á máa bá yín ṣọ́ ìsọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde.

Ìyá Tómi:
Yéè, ẹ ṣé o. Apá ibo ní Arákalẹ̀? Ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà ni, àbí ẹ ti kọjá ibẹ̀?