Mo ti rí sàréè ọ̀rẹ́ mi

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mò ń wá ibi tí wọ́n sin ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sí. Ẹni tó ní kí n béèrè ìwé àkọsílẹ̀ itẹ́ òkú náà ló yanjú ẹ̀. Akọ̀wé ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, àṣé wọ́n ṣi orúkọ ẹ̀ kọ ni! Kò sí òkúta lórí sàréè ẹ̀, àfi irin pẹlẹbẹ tó ti dípẹtà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu nọ́ńbà ara ẹ̀. Mo wá sọ fún un pé ìwé tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. (Kò yé béèrè ẹ̀ nígbà ayé ẹ̀.) Ẹ má wulẹ̀ bá mi wá a mọ́.