Ọmọ mi ní dókítà ẹranko lòun fẹ́ ṣe, bàbá ẹ̀ ò gbà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àbíkẹ́, Àpẹ́tẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Àkọ́bí mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, JSS1 ló wà. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé dókítà ẹranko lòun máa ṣe, kì í sì í ṣe ẹnu lásán. Ìyá ọkọ mi ń sin ewúrẹ́ àti adìyẹ lẹ́yìnkùlé, ọmọ yìí ló dá ìwé kan yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí: èyí tó jẹun, èyí tí kò jẹun, èyí tó ń ya gbuuru, ìgbà tí èyí tó lóyún máa bí. Nígbà tí adìyẹ kan fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, ó gé ìgbálẹ̀ ọwọ̀ sí kéékèèké, ó fi àkísà dì í mọ́ ẹsẹ̀ náà, ó sì sé adìyẹ mọ́ inú páálí títí tó fi lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Adìyẹ yẹn ń rìn báyìí, ó kàn ń tiro díẹ̀ ni.

Bàbá ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ó ní tí orí ẹ̀ bá pé tó bẹ́ẹ̀, kó lọ ṣe dókítà èèyàn, ta ló fẹ́ sanwó fún ẹni tó ń tọ́jú ewúrẹ́? Ìyá ọkọ mi náà ní ọkọ wo ló fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin tó ń fọwọ́ pa ajá lára kiri? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ẹ̀ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ò ti fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ bá ọkọ mi fa wàhálà, mi ò sì fẹ́ kí ọkàn ọmọ rẹ̀wẹ̀sì. Kí ni kí n ṣe?

Alhaja, Bẹẹrẹ:
Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má bá ọkọ yín sọ ọ́ lójú ọmọ o, ẹ má sì sọ ọ́ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó sinmi. Kí ẹ wá bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an. Lójú tèmi, owó ni.

Bàbá Ìbejì, Mọ́kọ́lá:
Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yìn bàbá ọmọ ni mo wà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lè yí ọkàn padà kí ọdún tó yí po. Ẹ̀gbọ́n mi ra dùrù olówó ńlá fún ọmọ ẹ̀, kò pẹ́ rárá tí ọmọ fi pa á tì sí kọ̀rọ̀. Bàbá tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ òun dúró kì í ṣe ìkà.

Àǹtí Tíṣà, Mólété:
Bàbá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ lórí dùrù. Ṣùgbọ́n èyí ò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ìwé àti bírò lọmọ ń lò, ewúrẹ́ sì ti wà nílé kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bó bá yí ọkàn padà lọ́la, àtimáa ṣàkíyèsí nǹkan kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ á ṣì wúlò fún un níbi yòówù tó bá lọ.

Ìyá Àbíkẹ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ló máa pa ìjà yín. Iṣẹ́ méjèèjì, dókítà èèyàn àti dókítà ẹranko, kíláàsì sáyẹ́ǹsì kan náà ni wọ́n ń gbà kọjá. Ní WAEC, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ni wọ́n máa béèrè. Ní JAMB náà, bó bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì jókòó, kò sí èyí tí kò lè yàn nínú méjèèjì. Bàbá àti ọmọ ń jà lórí oríta tí wọn ò tíì dé! Ìṣirò ni kí ẹ mójú tó báyìí, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé kúrò ní sáyẹ́ǹsì. Bí owó oúnjẹ ewúrẹ́ bá wà nílé, òun ni kó máa bá ìyá àgbà ṣírò.

Dókítà Ẹranko, Ọ̀jọ́ọ̀:
Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí, Yunifásítì Ìbàdàn ni mo sì ti kọ́ ọ. Ọdún mẹ́fà ni, bíi ti dókítà èèyàn gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí bàbá mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ìwé ò wọ̀ lórí.

Ó béèrè ẹni tó ń sanwó. Àwọn olóko adìyẹ ni àkọ́kọ́, wọ́n sì pọ̀ yí Ìbàdàn ká. Bí lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìyẹ, bá wọ oko tí wọn ò ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó lè gbá èyí tó pọ̀ jù nínú adìyẹ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Olóko tó ń wo gbèsè báǹkì lójú ò ní bi yín bóyá obìnrin lẹ jẹ́. Ìjọba náà ń gbà wá: níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, àwa là ń yẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀ wò kí ẹran tó dé ọjà, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àrùn mìíràn tó lè ran èèyàn. Nígbà tí àìsàn ẹyẹ wọ Nàìjíríà ní 2006, orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Áfíríkà. Dókítà ẹranko ló wọ inú oko nígbà náà kó má bàa ran àwọn ará ilé. Ara èèyàn náà là ń tọ́jú.

Ẹ dá ìwé ẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n mo ní ìkìlọ̀ méjì. Ẹ má jẹ́ kó fún ẹran ní oògùn èèyàn láé, pàápàá kápúsù pupa-àti-yẹ́lò tó wà ní gbogbo ilé yẹn. Kó wò, kó kọ sílẹ̀, kó béèrè, ó tó. Ìkejì, kó má fọwọ́ kan ajá tí kò mọ̀, kí ajá ilé sì máa gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi àgbo dúró.

Ìyá Eléwúrẹ́, Mọ̀níyà:
Èmi ò kàwé lọ títí, ewúrẹ́ ni mò ń sìn tà. Ìgbà tí kátá, àrùn tó ń pa ewúrẹ́, jà ládùúgbò wa, ikun ń dà nímú wọn, ẹnu wọn dá egbò, òkú ẹran kún ilẹ̀. Obìnrin ni dókítà tó wá gún àwọn tí kò tíì ṣàìsàn lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú mi. Ó lọ́kọ, ó bímọ. Ẹ bá mi sọ fún ìyá ọkọ yín yẹn. Mo ṣì ń gbàdúrà fún obìnrin náà.

Ìyá Àbíkẹ́, Àpẹ́tẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Mo ti fi ọ̀rọ̀ Àǹtí Tíṣà han ọkọ mi lórí fóònù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní “ṣé ọ̀nà kan náà ni?” Kò sọ nǹkan mìíràn.

Alhaja, Bẹẹrẹ:
Ẹ má tì í o. Ẹ kàn ní kó mú ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì lọ́jọ́ Sátidé kan, òun fúnra ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Kó fetí ara ẹ̀ gbọ́ ìbéèrè tí ọmọ ẹ̀ máa bi àwọn tó ń tọ́jú ẹran níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Mọ́kọ́lá:
Èyí dáa. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Dókítà Ẹranko, Ọ̀jọ́ọ̀:
Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ kúrò, kí wọ́n yà sọ́dọ̀ mi. Mo ní ewúrẹ́ tí mo máa yẹ̀ wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ lè dúró tì mí, kí bàbá náà jókòó. Kó wọ bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀, kó sì jẹun kó tó wá, torí a máa ń pẹ́.